Ẹni Tó Ń Wá Ọ̀tá fún Iṣẹ́ Ọwọ́ Rẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé ṣé inú ṣì ń bí mi, màá dá a lóhùn pé inú ń bí mi, kò sì tíì tán. Aránṣọ ni mí. Ìwé tí mo kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá rẹ́ èèyàn jẹ níwájú mi, mo máa ń mọ̀. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ yìí, àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi, àwa méjì péré náà sì ni ìyá wa bí.

Láti kékeré la ti ń pè é ní Agádágodo. Ohun tí o bá ti sọ fún un, ó ti wọlé nìyẹn, kò tún sí ẹni tó máa rí i yọ. Ìyá wa á mú un jókòó, á bi í ní ìbéèrè títí ẹnu á fi ro ó, ọmọ á kàn máa wo àjà bí ẹni pé àjà ni wọ́n ń bá wí. Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà pé tó bá dàgbà, ọkọ rẹ̀ ò ní mọ ohun tó jẹ sùn. Ọkọ náà ò tilẹ̀ wá. Ìṣirò ló fẹ́.

Ó kàwé ìṣirò, ó gboyè, ó wá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan ló wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó fìdí lé orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, ohun tí mo ti bá a wí lé lórí tó ti sú mi, ó ní òun fẹ́ lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Mo ní lórí kí ni? Ó ní lórí ìmọ̀ ìfọ̀rọ̀pamọ́, bí èèyàn ṣe lè kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ tí gbogbo ayé á rí i, tí kò sì ní yé ẹnì kankan àfi ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí.

"Amí lo fẹ́ dà?" ni mo bi í.

"Àǹtí mi, ẹ gbà mí o. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn, tí ẹ bá fi kọ̀wé sí mi, kò sẹ́ni tó lè kà á lójú ọ̀nà. Kì í ṣe pé àánú yín ń ṣe wọ́n. Àwọn kan ló jókòó ti ìṣirò kó tó rí bẹ́ẹ̀."

Ó mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sára aṣọ dúdú tí oníbàárà kan kó wá. Mo jágbe mọ́ ọn, etí rẹ̀ ti di. Ó ní tí a bá kàn fi lẹ́tà kan rọ́pò òmíràn, eré ọmọdé ni, nítorí pé àwọn lẹ́tà kan wà tí èèyàn ò lè ṣe kó má lò wọ́n lemọ́lemọ́; ẹni tó bá ní sùúrù láti ka iye wọn á mọ èyí tó jẹ́ èyí. Ó ní èyí tó le gan-an, inú nọ́ńbà ló wà. Mú nọ́ńbà ńlá méjì tí kò sí ohun tó lè pín wọn àfi oókan àti ara wọn, fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀. Kíá lo ti ṣe tán. Wá gbé èsì rẹ̀ fún ẹlòmíì pé kó sọ méjèèjì tó ti wá, ẹ̀rọ tó gbọ́n jù láyé á làágùn. "Ẹ po iyọ̀ mọ́ omi wò," ló wí, "kí ẹ wá fọwọ́ ṣa iyọ̀ náà jáde." Ìyẹn yé mi. Mo tiẹ̀ gbádùn rẹ̀, àmọ́ mi ò sọ fún un, torí aṣọ oníbàárà ló gbà mí lọ́kàn.

Ohun kan wà níbẹ̀ tí kò bọ́gbọ́n mu lójú mi títí dòní, òun náà ló sì fa gbogbo wàhálà. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í fi bí wọ́n ṣe ṣe é pamọ́. Ẹni tó bá ṣe ìlànà tuntun tí wọ́n fi ń ti ọ̀rọ̀ pa, gbangba ló máa tú inú rẹ̀ sí, tọmọdé tàgbà á rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ nìkan ni wọ́n ń fi pamọ́.

Mo ní, "Ta ló ń kan ilẹ̀kùn tó tún ń pe olè kó wá wo ìdí rẹ̀?"

Ó ní, "Ilẹ̀kùn tí olè ò tíì tì wò, ta ló mọ̀ bóyá ó le?"

Wọ́n ní ẹni tó ṣe é ò lè jẹ́rìí sí i. Ìyẹn ò burú, kò sí ìyá tó ń sọ pé ọmọ òun lóbùrẹ́wà. Àwọn ẹlòmíì nínú iṣẹ́ náà, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní àmọ̀dájú, ni yóò kọlù ú láti fọ́ ọ. Tí wọ́n bá fọ́ ọ tì, ó ti di ohun tí ayé lè fọkàn tán. Tí ẹnì kankan ò bá kọlù ú, kò tíì di nǹkan kan, ì báà jẹ́ pé àwọn áńgẹ́lì ló ṣe é.

Olùkọ́ tó gba àbúrò mi sábẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n ni gbogbo wọn ń pè é. Ọkùnrin tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ ni, tí aṣọ rẹ̀ máa ń mọ́, ojú mi sì máa ń lọ sára aṣọ nítorí iṣẹ́ mi. Èmi ni mo tiẹ̀ rán ṣòkòtò kan fún un, àbúrò mi ló bẹ̀ mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ń pè é ní "ọmọ mi" níwájú èèyàn. Baba wa ti kú kí àbúrò mi tó mọ̀ ọ́n dáadáa, ọ̀rọ̀ yẹn sì ń wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Mo rí i, mo sì fọ̀rọ̀ náà sínú.

Ọdún ń gorí ọdún. Láàárọ̀, á lọ kọ́ àwọn ọmọ girama. Tó bá di ọ̀sán, á wá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ mi, torí yàrá tó ń gbé ò gbà ju ibùsùn lọ. Mo mọ bí ìlànà tó ń ṣe fún oyè náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ju bí mo ṣe fẹ́ mọ̀ ọ́n lọ. Ó ń da ọ̀rọ̀ rú ní ìpele ìpele; ní ìpele kọ̀ọ̀kan, á bu díẹ̀ nínú kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, á tún dà á rú, títí ọ̀rọ̀ á fi dà bí ilẹ̀ tí adìẹ ta. Ẹni tó bá ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ á wá tú u láti ẹ̀yìn bọ̀ wá síwájú. Wọ́n máa ń fún ìlànà lórúkọ, ó sì fún tirẹ̀ ní orúkọ ìnagijẹ ara rẹ̀: Agádágodo. Ó gbé e síta lórí ayélujára níbi tí àwọn oníṣẹ́ náà ti ń pàdé, ó wá káwọ́ gbera, ó ń dúró de ọ̀tá.

Ọ̀tá ò wá.

Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ ń fi í rín. Mo ní mi ò tíì rí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé wo ọ̀nà olè bí ìwọ rí. Ó kọ̀wé sí àwọn ẹni ńlá inú iṣẹ́ náà, wọ́n dákẹ́ lọ gbáà. Ọ̀kan ṣoṣo ló fèsì, pé òun ò ráyè. Wọ́n ní kó wá síbi àpérò kan, ó lọ, ó lẹ iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú tàwọn yòókù, ó dúró tì í láti àárọ̀ títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ àga mọ́. Wọ́n ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lọ síbi tíì. Ọkùnrin kan tó kó ìwé máyà wá dúró. Inú àbúrò mi dùn, ó bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí. Ọkùnrin náà ń mi orí, ó ní ó dára, ó dára gan-an ni, ó wá ní jọ̀ọ́, ṣé ó lè júwe ilé ìtọ̀ fún òun.

Nígbà tó ròyìn ìyẹn fún mi, mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fi abẹ́rẹ́ gún ara mi. Òun náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó rí i pé ẹ̀rín tirẹ̀ ò dénú.

Ó wá là á yé mi. Ẹni tó bá fọ́ ìlànà ẹni ńlá, òkìkí rẹ̀ á kàn. Ẹni tó bá fọ́ ìlànà ẹni tí a ò mọ̀, ìkòkò ẹ̀gbẹ́ títì ló fọ́, ta ló máa pàtẹ́wọ́ fún un? Àwọn ńlá ń bá àwọn ńlá jà, àwọn kékeré ń wòran. O ní láti lórúkọ kí o tó lè ní ọ̀tá, kò sì sí bí o ṣe máa lórúkọ láìní ọ̀tá. Mo ní irú ìwà wo nìyẹn láàárín àwọn tó kàwé? Ó ní bó ṣe rí nìyẹn.

Àwọn ìgbìmọ̀ tó ń fúnni lóyè náà sọ ọ́ fún un lójúkojú. Wọ́n ní iṣẹ́ náà dára, ṣùgbọ́n ta ló ti dán an wò? Kó lọ wá ẹni tó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ tó máa kọlù ú, kó mú èsì wá kí ọdún tó parí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó ti pẹ́ jù nílé ẹ̀kọ́ wọn. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, gbogbo ọ̀sán tó fi jókòó tì mí, ó wá kù sọ́wọ́ ọ̀tá tí kò fẹ́ wá.

Ó bá lọ di ọ̀tá ara rẹ̀. Ó ní bí kò bá sẹ́ni tó máa kọlù ú, òun á kọlù ú bí ẹni tí kò mọ ẹni tó ni ín. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ara rẹ̀ ní "obìnrin yẹn". Á dúró síwájú pátákó tí mo ń kọ ìwọ̀n àyà àti ìdí àwọn oníbàárà sí, á ní, "Kí ni obìnrin yẹn rò tó fi ṣe báyìí síbí?" Oníbàárà kan bi mí pé ta ni wọ́n ń bú. Mo ní ẹbí ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ran kọ́là lọ́wọ́, ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó ní, "Àǹtí mi, mo rí i."

Ihò wà níbẹ̀. Tí èèyàn bá mú ọ̀rọ̀ méjì tí wọ́n fi ibì kan ṣoṣo yàtọ̀ síra, tó sì fi Agádágodo ti méjèèjì, ìyàtọ̀ yẹn yẹ kó fọ́nká kó sì pòórá. Kì í pòórá. Ó ń gba àárín gbogbo ìpele kọjá, ó ń yọ lódì kejì, bí àbàwọ́n epo ṣe máa ń yọ lára aṣọ funfun lẹ́yìn tó o ti fọ̀ ọ́ tó o ti lọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń tẹ̀ lé àbàwọ́n náà á bá kọ́kọ́rọ́ níbi tó wà.

Mo ní kó panu mọ́. Mo ní, "Ta ló mọ̀ yàtọ̀ sí àwa méjì? Ṣebí iṣẹ́ tó o kọ́ ni kéèyàn pa nǹkan mọ́?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo bú ìyá wa. "Tí wọ́n bá wá fi ti ọ̀rọ̀ ẹni ẹlẹ́ni pa ńkọ́?"

Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé inú rẹ̀ dùn. Ó ní ọ̀nà tí òun gbà rí ihò náà, ọ̀nà tuntun ni, kò sẹ́ni tó tíì gba ibẹ̀ rí, ó sì lè fọ́ ìlànà àwọn ẹni ńlá kan pẹ̀lú. Ó ní oyè wà nínú ọ̀nà yẹn ju inú Agádágodo lọ. Ó jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ mi po. Àbúrò mi, tí kì í jó.

Ó lọ sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n. Mo bá a lọ, torí ibà dé sí i lára lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò sì ranlẹ̀. Yàrá iṣẹ́ ọkùnrin náà tutù, ìwé tò dé àjà, ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán. Mo jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Àbúrò mi dúró nídìí pátákó, ó ń gbọ̀n, ó sì kọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láì wo ibì kankan. Bó ṣe ń kọ ọ́, ẹ̀rín músẹ́ yẹn ń kúrò lójú Ọ̀jọ̀gbọ́n díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kọ ọ́ tán, ọkùnrin náà dìde, ó lọ wo pátákó náà nítòsí.

"Ọmọ mi," ló wí, "ta ló tún mọ̀ sí èyí?"

"Ẹ̀yin nìkan ni, sà. Àti ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ aránṣọ ni wọ́n."

Ó yíjú sí mi, ó kí mi dáadáa, ó ní ṣòkòtò tí mo rán fún òun bá òun lára mu. Ó wá sọ fún àbúrò mi pé kó lọ sílé kó lọ tọ́jú ara, kó má tíì gbé ọ̀rọ̀ náà síta, òun fẹ́ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, òun á sì bá àwọn ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀. "Fi í sílẹ̀ fún mi." Àbúrò mi fẹ́ nu pátákó náà kí a tó jáde, Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ibà lọ. Ó ń dúró. Tó bá pe Ọ̀jọ̀gbọ́n, á ní òun ṣì ń yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ mi, ní sùúrù. Ọdún ń lọ sópin, ó ń ní sùúrù. Àárọ̀ ọjọ́ kan ló wọlé tí kò kí mi, ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Iṣẹ́ tuntun ti jáde níbi tí àwọn oníṣẹ́ ti ń pàdé. Orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n wà lókè, ohun tó kọ sábẹ́ rẹ̀ ni pé wọ́n ti fọ́ Agádágodo, wọ́n sì ti rí ọ̀nà tuntun kan tó lè fọ́ púpọ̀ sí i. Mo bi í pé orúkọ tìrẹ dà? Ó fi ìka hàn mí. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́, níbi tí wọ́n ti sọ ẹni tó ṣe ohun tí wọ́n fọ́.

Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo ti wọ bàtà. Mo ní ó yá, ká lọ, wọn ò tíì mọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Ó ní kò sí ẹ̀rí. Mo ní báwo ni kò ṣe ní sí ẹ̀rí?

Ibí yìí ni inú ti ń bí mi sí òun náà. Ọ̀nà wà. Òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ kọ́ mi. Nínú iṣẹ́ wọn, tí o bá rí nǹkan, tí o ò sì tíì fẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n, ìṣirò kan wà tí wọ́n fi ń fún ọ̀rọ̀ náà pọ̀ di ìlà lẹ́tà kúkurú kan tí kò sẹ́ni tó lè tú u padà. O máa lẹ ìlà yẹn síbi tí gbogbo èèyàn á ti rí i. Lọ́jọ́ tí ìjà bá dé, o mú ọ̀rọ̀ rẹ jáde, o fún un pọ̀ lójú wọn, tó bá jẹ́ ìlà kan náà ló bọ́ síta, ẹnì kan ò lè jiyàn pé o ò mọ̀ ọ́n láti ọjọ́ yẹn. Kò le rárá. Àwọn ọmọ girama tó ń kọ́ ń fi ṣeré.

"Ṣé o ṣe é kó o tó lọ bá a?"

Ó ń wo àjà.

"Mo ní ṣé o ṣe é?"

"Àǹtí mi, olùkọ́ mi ni. Nítorí ọ̀tá la ṣe ń ṣe ìyẹn."

Mo jókòó. Ó wá ọ̀tá káàkiri ayé, ọ̀tá ń pè é lọ́mọ, kò dá a mọ̀. Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

A ṣì lọ. Mo fi dandan lé e. Àwọn ìgbìmọ̀ gbà kí n wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní kí ni mo rí lójú pátákó lọ́jọ́ náà? Mo ní mo rí ohun tó kọ. Wọ́n ní kí ló kọ? Mo ní nọ́ńbà, àti àwọn nǹkan tó dà bí ọfà. Ìyáàfin kan láàárín wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀jọ̀gbọ́n wà níjòókòó. Kò bínú, ohùn rẹ̀ ò sì ga. Ó ní òótọ́ ni, ọmọ òun wá lọ́jọ́ náà, ara rẹ̀ ò yá, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ibà ń dà láàmú, òun ò sì rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀. Ó ní àánú rẹ̀ ń ṣe òun. Ó ní kí wọ́n má fìyà jẹ ẹ́ nítorí ẹ̀sùn yìí. Wọ́n yìn ín fún inú rere rẹ̀.

Alága wọn wá ka ìpinnu. Ó ní ohun tí àwọn béèrè ti wáyé: ẹni tó tó bẹ́ẹ̀ ti dán Agádágodo wò kí ọdún tó parí, Agádágodo sì ti fọ́. Nítorí náà, kò sí oyè. Àbúrò mi ní, "Ẹ ṣé, sà." Mo ń gbọ́ ọ létí mi títí di ìsinsìnyí, "Ẹ ṣé, sà" yẹn. Mi ò mọ ẹni tó kọ́ ọ ní irú ẹ̀kọ́ ilé bẹ́ẹ̀. Mo bú wọn dé ẹnu ọ̀nà àbájáde, òun ló ń fà mí lápá.

Wọ́n ti fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n pe ọ̀nà náà báyìí. Ó ti fi fọ́ ìlànà àwọn ẹni ńlá méjì kan, bí àbúrò mi ṣe sọ pé ó máa rí, wọ́n sì ń gbé e láti àpérò dé àpérò. Èmi ti dẹ́kun pípe àbúrò mi ní orúkọ tí a fi ń pè é láti kékeré. Tó bá fẹ́ bọ́ sí mi lẹ́nu, màá gbé e mì.

Ó ti kúrò ní girama. Ilé ẹ̀kọ́ kan lẹ́yìn ìlú gbà á pé kó máa kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ní ìpìlẹ̀ ìmọ̀ ìfọ̀rọ̀pamọ́. Mo ní kó má gbà á, kó kúkú wá kọ́ iṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ mi. Ó ní èyí nìkan lòun mọ̀ ọ́n ṣe. Òun kọ́ ló ń yan ìbéèrè ìdánwò fún wọn, láti òkè ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó kó ìwé ìdánwò wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó tẹ́ wọn sórí tábìlì mi, ó ń máàkì. Mo mú ọ̀kan láti fi fẹ́ ara mi torí ooru. Ojú mi bọ́ sórí ìbéèrè kìn-ín-ní. Wọ́n ní kí ọmọ fi ọ̀nà Ọ̀jọ̀gbọ́n fọ́ Agádágodo, kó sì fi ìgbésẹ̀ rẹ̀ hàn. Mo wo ìwé kejì, mo wo ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn ló gbà á. Ìbéèrè tó rọrùn jù ni, òun ni wọ́n fi ń ṣí ìdánwò kí ọkàn àwọn ọmọ lè balẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ṣe tirẹ̀ mọ́ tónítóní, ó fi rúlà fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó wá kọ ọ̀rọ̀ tí wọn ò bi í sísàlẹ̀: "Ẹni tó ṣe èyí ò padà yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò rárá." Àbúrò mi kà á. Mo rí i tó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ó fi bírò pupa sàmì sí i, ó fún un ní gbogbo máàkì.

Mo ní, "Kọ ọ́ síbẹ̀ fún un. Kọ ọ́ pé ìwọ lo ṣe é, pé ìwọ náà lo yẹ̀ ẹ́ wò tó o sì fọ́ ọ. Ọmọ kan ṣoṣo péré, jẹ́ kó mọ̀."

"Àǹtí mi," ló wí, "ìdáhùn rẹ̀ tọ̀nà." Ó sì fa ìwé mìíràn sọ́dọ̀.